Ohùn Àpótí Tuntun ní Ìlú Ìdákẹ́rọ́rọ́

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí òjò ń ta sí lára, kí ó wọlé sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kí ó rọra jẹ ẹ́, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ó dára. Bí oorun bá ń gbé yín lọ, ẹ má bá a jà, nítorí ibi tí mo fẹ́ mú yín dé kò jìnnà sí ojú oorun.

Mo ti ń gbọ́ ìjà yín láti àárọ̀. Làmídì ra sípíkà tuntun, ó gbé e kalẹ̀ bí ọmọ ìkókó, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ó ní kí ó kọ́kọ́ máa kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, nígbà náà ni ohùn rẹ̀ yóò là. Folúṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, ó ní bí wọ́n ṣe bí i náà ni yóò ṣe kú. Làmídì fẹ́ na Folúṣọ́. Folúṣọ́ ń rẹ́rìn-ín, èyí sì burú ju kí ó na án padà lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ni ẹ tó rántí pé bàbá kan wà ní àdúgbò tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Kò burú. Orí mi ti pá báyìí, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò bí irọ́ náà ṣe lè pọ̀ tó.

Èmi Ọdẹ́ríndé, èmi tí ẹfọ̀n rí tí ó ń dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀, èmi tí ìkookò ń bi ọ̀nà léèrè lọ́wọ́ mi bí ó bá sọnù, mo ti gbé àpótí ohùn rìn dé ibi tí baba ẹnikẹ́ni nínú yín kò dé rí. Bàbá Làmídì, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àwẹ̀ró ní àgbà, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà tí mo ń wí yìí, bí ó bá rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ń kọjá lọ ní ojú ọ̀nà yóò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá pa ẹran tán, n óò sáré délé kí ẹnu ìbọn mi tó tutù.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó lọ ṣa olú ní etí igbó, kò sì padà. Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo bá agbọ̀n rẹ̀ níbi tí ó gbé e kalẹ̀ sí, olú kún inú rẹ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ sì dópin síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Bí mo ti dúró tí mo ń wò, ìkùukùu funfun kan ti inú igi yọ, ó rọra bò mí lójú, mo sì gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀ tí kò ga ju èémí ènìyàn lọ.

Ohùn náà ní, "Ọdẹ, má wulẹ̀ wá a kiri. Ìyàwó rẹ wà ní Ìlú Ìdákẹ́rọ́rọ́, lọ́dọ̀ ọba tí ó kórìíra gbogbo ariwo àfi ẹ̀rín rẹ̀. Ó ti sùn. A ti sá aṣọ funfun kan sókè orí ìlú wa, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, omi náà ni odò tí ìwọ yóò rí lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá pe obìnrin yìí tí ó sì dáhùn, kí ó mú un lọ. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà bá gbẹ tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó di tiwa títí ayé."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ ó ní kí ló wá le níbẹ̀, kí n ṣáà lọ pe ìyàwó mi kí ó jẹ́ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọdẹ kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó. A lè súfèé, a lè wúkọ́, a lè fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ. Igbó ní etí, ohun tí ó bá sì gbọ́ kì í gbàgbé. Bí o bá pe orúkọ ẹnìkan níbẹ̀, igbó yóò kọ́ ọ, yóò máa fi ohùn rẹ gan-an pe ẹni náà kiri títí yóò fi dáhùn, bí ó bá sì ti dáhùn, ó sọnù nìyẹn. Bàbá mi fi èyí kọ́ mi kí ó tó fi ìbọn lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà mo ní ẹnu tèmi kọ́ ni yóò pe Àwẹ̀ró.

Mo lọ bá ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹmí, nítorí mo rò pé kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ yóò pè tí kò ní jí. Ìyá náà sunkún títí, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ìdí kànga mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi kò tíì darúgbó. Bí o bá mọ ọ̀nà tí o lè gbà gbé ohùn lọ kí o fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, máa gbé e lọ."

Mo mọ̀ ọ́n. Iwin kan ń gbé ní ìkòríta etí igbó tí wọ́n ń pè ní Agbóhùnsígi. Irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò, ojú rẹ̀ kan máa ń sùn nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Ó fi igi ìrókò kan àpótí kan, ó fi ẹnu dúdú róbótó kan sí iwájú rẹ̀, ó fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú ẹnu náà. Ó gbé e wá síwájú ìyá ìyàwó mi, ó ní kí ó pe ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń pè é. Ìyá náà fa èémí, ó ní, "Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹfúnyẹmí, dìde, ilẹ̀ ti mọ́!" Awọ inú àpótí náà gbọ̀n, ó sì tún un wí.

Ìyá ìyàwó mi fò sókè. "Ta nìyẹn? Èmi kọ́ nìyẹn o! Ohùn mi kò rí báyìí, ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ nìyí!"

Èmi náà gbọ́ ọ, ó dàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Agbóhùnsígi kò dààmú. Ó fi ojú rẹ̀ tó ń sùn ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Tuntun ni, awọ ẹnu rẹ̀ ṣì le. Má jẹ́ kí ó kígbe. Jẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà, kí ìwọ náà máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ yóò là. Bí kò bá dùn lónìí, dúró dè é. Ẹ̀rù igbó kò sì bà á, nítorí ohùn àpótí kò ní ẹ̀mí, igbó kì í kọ́ ọ."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó ṣe nǹkan náà ni ó ń sọ fún mi pé bí kò bá dára kí n ṣe sùúrù. Obìnrin tó ta ọsàn kíkan fún yín kì í ní ọsàn òun kan, yóò ní kí ẹ gbé e pamọ́ kó pọ́n sí i. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, nítorí ohun gbogbo tí a ní nílé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣe. Ìkòkò tuntun, a ń kọ́kọ́ se omi nínú rẹ̀ kí a tó se ọbẹ̀. Bàtà tuntun a máa gé ẹsẹ̀ jẹ. Ajá tuntun kì í mọ òórùn ẹran. Àwọn àgbà pàápàá ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé àpótí kì í ṣe ajá?

Mo gbé àpótí náà kọ́ èjìká kan, mo gbé ìbọn kọ́ èkejì, mo wọ inú igbó.

Igbó náà kò dàbí èyí tí ẹ mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ti ojú ọ̀run wá, ara ewé ni ó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe àwọ̀ oyin. Ẹyẹ ń fò níbẹ̀ láìlu apá. Òdòdó ń já bọ́ láti orí igi, kì í sì í dé ilẹ̀, yóò kàn dúró ní agbedeméjì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Odò tí ìkùukùu sọ fún mi ń ṣàn lẹ́bàá ọ̀nà, ó kún dé ẹnu, ó sì ń ta sánsán bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí mo ti ń rìn, n kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ni ó ń lọ tàbí ọ̀nà ni ó ń bọ̀.

Mo tan àpótí náà wẹ́rẹ́. "Àwẹ̀ró o," ni ó ń wí, "Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹfúnyẹmí, dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Igi kankan kò tún un wí, mo sì mọ̀ pé nínú èyí, Agbóhùnsígi kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohùn náà le, ó gbẹ, kò wọ̀ mí létí rárá. Mo ní kò burú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè, n óò rọra gùn ún kí awọ náà má baà gbọ̀n jù. Bí ìrì bá ń sẹ̀, n óò bọ́ ẹ̀wù ọdẹ mi bò ó, èmi fúnra mi yóò sì máa gbọ̀n.

Ẹgbẹ́ iwin kan tí orí wọn wà níbi tí ìdodo wa wà yọ sí mi, wọ́n ní kí n sọ ẹrù mi kalẹ̀ kí a jọ jìjàkadì. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti fi wọ́n gbá ara wọn bí èso òroǹbó. Ṣùgbọ́n mo gbé ìka lé ètè, mo ní, "Ẹ ṣe jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ará, àpótí mi tuntun ni." Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n yà kúrò lọ́nà fún mi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé àwọn kò mọ̀.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ohùn náà ti ń dùn. Ó dàbí pé ìkòkò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wọ̀ mí lára bí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní, "Háà, ó ti ń là!" Inú mi dùn, mo tún dín ìrìn mi kù, mo ní kí ó là sí i. Ayọ̀ yìí kò jẹ́ kí n wo odò. Ká ní mo wò ó ni, ǹ bá ti rí i pé àwọn òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń yọrí.

Ibẹ̀ ni mo ti bá Elétí-bí-ewé-kókò pàdé. Iwin obìnrin ni. Etí rẹ̀ méjèèjì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹní, ó fi èkejì bora, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja sí àárín ọ̀nà. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà tí kò ní tẹ etí mọ́lẹ̀.

Kò la ojú, ó ní, "Ọdẹ, àlejò kan ń wọ ilé mi lójoojúmọ́. N kì í ṣílẹ̀kùn fún un, yóò wọlé. N kì í rí i kí ó gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ilé mi kì í sì í kún. Ta ni?"

Mo ronú díẹ̀. N kò ronú púpọ̀, nítorí orí tí mo ní nígbà náà mú ju abẹ lọ. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ni. Etí ni ó ń gbà wọlé, ẹnu ni ó ń gbà jáde."

Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀nà náà sì mì lábẹ́ mi. Ó bi mí léèrè ohun tó wà ní èjìká mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ bí ohùn náà ṣe burú tẹ́lẹ̀ àti bí ó ṣe ń dùn sí i bí mo ti ń rìn. Ó na etí kan sí àpótí náà, ó tẹ́tí pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó na èkejì sí àyà mi.

Ó ní, "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ó ń yí padà?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá, láti ilé ni mo ti ń gbọ́ àpótí yìí. Ta ni ó lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

"Nítorí ìyẹn ni mo ṣe bi ọ́ léèrè," ni ó wí. Ó ká etí rẹ̀ kúrò lọ́nà. "Máa lọ. Ìlú Adájọ́-Ohùn wà níwájú rẹ. Wọn yóò bi ọ́ ní ohun kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní rọra bi ọ́."

Ìlú Adájọ́-Ohùn jẹ́ ìlú tí ènìyàn máa ń di ojú rẹ̀ kí ó tó kí ẹlòmíràn. Wọ́n ní ojú máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ọba obìnrin ni ó ń jẹ níbẹ̀, Afetígbọ́ ni orúkọ rẹ̀, arúgbó ni, òwú funfun ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde.

Ó ní, "A gbọ́ pé àpótí rẹ ti là. Ṣé o mọ ohùn àpótí tó ti sọ̀rọ̀ pẹ́ yàtọ̀ sí ti èyí tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Kábíyèsí, bí mo ṣe mọ ẹsẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹkùn."

"Ó dára," ni ọba wí. "Agbóhùnsígi ṣe èkejì àpótí yìí, ó fi ohùn kan náà sínú rẹ̀, kò sì tíì sọ̀rọ̀ rí. A óò gbé wọn sẹ́yìn aṣọ. Bí o bá mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, a óò fi ọ̀nà àbùjá hàn ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a óò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n ta aṣọ nínípọn kan, wọ́n gbé àpótí mi lọ sẹ́yìn rẹ̀. Akígbe wọn ní, "Èkíní!" Ohùn ìyá ìyàwó mi jáde. Akígbe ní, "Èkejì!" Ohùn náà tún jáde. Mo ní, "Èkejì ni tèmi! Ti èkíní gbẹ bí ẹ̀kọ àná, ti èkejì ń ṣàn bí òróró." Wọ́n ní kí n tún gbọ́. Mo tún gbọ́, mo ní rárá, èkíní ni. Wọ́n tún ní kí n gbọ́. Mo di ojú mi, mo gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ajá, òógùn bò mí. Mo wá gbọ́ ọ kedere, ẹ̀yin ọmọ, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ òjò yìí. Mo fi Ògún búra pé èkejì ni, mo ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n gba ohun tó bá wù wọ́n.

Wọ́n já aṣọ náà bọ́. Àpótí kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Tèmi ni.

Ọba Afetígbọ́ ní, "Ohùn kan ni a jẹ́ kí o gbọ́, ìwọ ni o gbọ́ méjì. Ọdẹ, awọ tuntun a máa rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ìyá ìyàwó rẹ tó parí igbe tí ó ké ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti rọ̀ dé ibi tí yóò rọ̀ dé. Láti ìgbà náà, etí rẹ ni ó ń rọ̀. Ohùn náà di ará ilé rẹ, o sì rò pé òun ni ó tún ìwà ṣe."

Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ki ìka méjì bọ etí òsì mi, ó fa nǹkan kan jáde tó dàbí fọ́nrán òwú, ó ká a, ó fi sí ìtẹ́lẹ̀ ìjókòó rẹ̀. Kò dùn mí. Ó kàn dàbí ìgbà tí ẹnìkan pa fìtílà ní yàrá kejì. Láti ọjọ́ náà ni etí òsì mi kò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú mi ní apá òsì, n kò gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mo ń rí ẹnu yín.

Ọba ní, "Báyìí, lọ wo odò."

Mo wò ó. Odò tó kún dé ẹnu ti di omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèrà lè fò kọjá. Gbogbo jẹ́ẹ́jẹ́ tí mo ṣe lójú ọ̀nà, aṣọ ń gbẹ. Mo gbé àpótí náà, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí ó ti ń gbá mi léjìká tí ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, n kò bìkítà mọ́. Èmi tí mo ti ń fi ẹ̀wù bò ó kúrò lọ́wọ́ ìrì, mo fi í gba inú ẹ̀gún kọjá.

Ìlú Ìdákẹ́rọ́rọ́ kò ní odi, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni odi rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀ wọn, ìró ìrìn mi kú mọ́ ilẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ fi òwú we ẹsẹ̀, wọ́n ń kọjá lọ bí èéfín. Ajá ń gbó níbẹ̀, ẹ ó rí ẹnu rẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin ń gúnyán, ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, kò dún. Aṣọ funfun náà wà lókè gbogbo rẹ̀, ó fẹ̀ bí oko, ó ń fì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rí i pé ó ti gbẹ tán, àfi ìṣẹ́tí rẹ̀ níbì kan tí kò ju aṣọ ìlédìí ọmọ lọ.

Lábẹ́ ibi tó ṣì tutù yẹn, lórí ẹní, ni Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ sí. Ọba wọn, Ẹnudákẹ́, jókòó tì í, ọkùnrin gíga kan tó ní ojú ẹni tó ti ń dá gbé pẹ́. Ó nawọ́ sí mi pé kí n pè é, pé òun yọ̀ǹda kí ìpè dún.

Mo gbé àpótí kalẹ̀, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé ibi tó lè dé. "Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹfúnyẹmí, dìde, ilẹ̀ ti mọ́!" Ohùn náà la ìlú náà já, àwọn ènìyàn fi ọwọ́ di etí. Ó dára bí ohùn ṣe lè dára tó. Ìpéǹpéjú Àwẹ̀ró mì. Kò dáhùn. Mo tún jẹ́ kí ó pè é. Omijé yọ ní ojú rẹ̀, ó ṣàn lọ sí etí, kò sì dáhùn. Mo sún àpótí náà sí ọ̀tún, mo sún un sí òsì, mo fi ẹ̀wù nu ẹnu rẹ̀, mo lu ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ẹlẹ́mìí. Nígbà tí mo wòkè, ibi tó tutù lára aṣọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́.

Mo ti ń fọ́nnu níwájú yín láti ìgbà yìí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí mo bá fi ẹnu ara mi pè é, igbó yóò mọ orúkọ rẹ̀ títí ayé. Bí n kò bá pè é, kí ni n óò tún máa fi orúkọ náà ṣe?

Mo ti àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀ ti ìyàwó mi. Ọ̀fun mi ti gbẹ nínú eré tí mo sá, ohùn tó jáde nínú rẹ̀ kò dára rárá. Mo ní, "Àwẹ̀ró."

"Ẹ̀ẹ́n! Mo ń bọ̀!" ni ó wí, bí ẹni tó wà ní ìdí iná nílé. Ó sì dìde jókòó.

Mo bú sẹ́kún, n kò tijú. Ọba Ẹnudákẹ́ sọ orí kọ́, ó rọra ní kí n mú un lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè dìde, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ìyá rẹ ń pè ọ́ láti ìgbà yìí, o kò gbọ́?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Ohùn màámi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n màámi kò lè rìn dé ìdí kànga, báwo ni wọn yóò ṣe dé ibí? Mo ní àwọn wọ̀nyí ti jí ohùn wọn kọ́ ni. Bí ó ṣe jọ wọ́n tó ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó."

"Èmi náà ńkọ́? O kò mọ̀ pé mo ti dé?"

Ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bínú. Ó ní, "Ọkọ mi, láti ìgbà tí ẹ ti wọ ìlú ni mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Èémí ọkọ ẹni kì í ṣòro mọ̀. Mo ní wọ́n ti dé, wọn yóò pè mí báyìí. Mo dúró, mo dúró. Ẹ ò pè mí. Ẹ ń tún àpótí ṣe."

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a kọrí sí ilé. Ìgbà tí a wọ abẹ́ igi àkọ́kọ́ ni a gbọ́ ọ. "Àwẹ̀ró," ni igi náà wí, ohùn mi ni, ohùn gbígbẹ tí mo fi pè é. "Àwẹ̀ró," ni ìtàkùn wí. "Àwẹ̀ró," ni ihò ilẹ̀ wí. Ó fi gèlè di etí rẹ̀ pinpin, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ní bí òun kò bá rí ètè mi kí ó mì, òun kò ní dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rìn já igbó náà. N kò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi rí òrùlé ìyá rẹ̀.

Ìyá náà gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ń tan án lójoojúmọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní ohùn òun gan-an nìyẹn, pé ènìyàn kò tilẹ̀ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Agbóhùnsígi gbọ́, ó ní ṣé òun kò wí bẹ́ẹ̀? Ẹ ò rí ìyọnu!

Èmi gbé ìbọn kọ́, n kò ṣọdẹ mọ́. Àwẹ̀ró kò sì dé etí igbó mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. A dàgbà pọ̀, ó sì dára. Ẹ̀yin náà ni ẹ bá mi sin ín, ẹ kò jẹ́ kí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún igbó. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn oko bàbá Làmídì nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń pe Àwẹ̀ró. Ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ ti ọ̀hún dé, mo kórìíra ohùn yẹn. Ó le, ó gbẹ, mo máa ń fi ọwọ́ di etí mi tó kù bí mo bá ń kọjá. Ohùn náà kò tíì yí padà rárá, bí mo ṣe pè é ní ọjọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti sin ín, mo máa ń gbé àga mi lọ síbẹ̀, mo máa ń na etí ọ̀tún sí i. N kò mọ ohun mìíràn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mọ́. Yóò pè é, yóò dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò dáhùn, yóò sì tún pè é.

Làmídì, gbé ohùn sípíkà rẹ sókè, kí ẹ máa jó. Òjò ti dá. Ẹ bá mi wá ọ̀pá mi, mo fẹ́ tètè débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.